Bẹ́ẹ ṣe lè rí kọntirákítọ̀ gidi tó máa kọ́ gàráàjì sínú kọ́ńpáùn yín

Ẹ jẹ́ n yáa sọ ọ́ kíákíá, gàráàjì tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti Ìwó Road tàbí Níú Gàráàjì o, kò sí agbèrò ńbẹ̀. Ilé mọ́tò ni, èyí tó dá dúró lọ́tọ̀, tí ò fara kan ilé téèyàn ń gbé, tó ní ògiri tiẹ̀, òrùlé tiẹ̀ àti ilẹ̀kùn tiẹ̀. Mo kọ́ ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa n'Íbàdàn, kọntirákítọ̀ méjì ló sì kọ́ ọ, torí ẹni àkọ́kọ́ gbowó tán, ó gbẹ́ fáúńdéṣọ̀n, ó já búlọ́ọ̀kù bí ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, ló bá di "bàbá mi ò gbádùn lábúlé." Oṣù márùn-ún ni bàbá yẹn fi ṣàìsàn. Òjò kún fáúńdéṣọ̀n mi débi pé ọ̀pọ̀lọ́ ń ké ńbẹ̀ lálẹ́, ìyàwó mi wá ń bi mí pé ṣé adágún ẹja ni mo sọ pé mo ń kọ́ ni.

Ohun tí mo wá rí nínú ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí inú mi rọ̀ ni pé ọkùnrin yẹn kì í ṣe olè. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí èèyàn. Èmi ni mo gbé ìdá méje nínú mẹ́wàá owó fún un kó tó gbé ọkọ́ sókè, ó ní iṣẹ́ ẹlòmíì tó ti jẹ owó ẹ̀ sẹ́yìn, owó tèmi ló fi lọ parí ẹ̀, ó wá ń retí ẹlòmíì tó máa wá fowó tiẹ̀ parí tèmi. Bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Torí náà gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ sọ níbí, méjì ló pín sí: bẹ́ẹ ṣe máa yan èèyàn, àti bẹ́ẹ ṣe máa di owó yín mú. Èkejì yẹn gan-an ló le jù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ nǹkan tẹ́ẹ fẹ́ kẹ́ẹ tó pe ẹnikẹ́ni

Tẹ́ẹ bá pe kọntirákítọ̀ wá tẹ́ẹ wá ní "gàráàjì ni mo kàn fẹ́ kọ́", òun ló máa bá yín ronú, àpò tiẹ̀ ló sì máa fi ronú. Ẹ mú téèpù, ẹ wọn mọ́tò yín. Mọ́tò kan, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní fífẹ̀ àti 20 ní gígùn tó o. Mọ́tò méjì, 20 lọ́nà 20 ló kéré jù, tó bá jẹ́ jíìpù tàbí Hilux lẹ ní, ẹ ṣe é ní 22 tàbí 24, torí ilẹ̀kùn mọ́tò gbọ́dọ̀ ṣí, ẹ ò lè máa gba ojú fèrèsé jáde. Kẹ́ẹ sì fi ilẹ̀ tó tó ẹsẹ̀ 20 sílẹ̀ níwájú ẹnu ọ̀nà ẹ̀ kí mọ́tò ráyè yí, mo ti rí gàráàjì tó dára lójú tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni onílé ń lọ síwájú sẹ́yìn kó tó wọlé, nígbà tó yá ó kó àpò gààrí àti jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀, mọ́tò ń sùn níta.

Ẹ wo ibi tí sọ́kàwéè yín wà, ibi tí páìpù omi gbà, ibi tí wáyà iná gbà lábẹ́ ilẹ̀. Tẹ́ẹ bá ti gbàgbé, ẹ pe ẹni tó kọ́ ilé yẹn, tó bá ṣì wà láyé. Ẹ má kọ́ nǹkankan lé orí sọ́kàwéè, torí ó máa kún lọ́jọ́ kan, wọ́n sì máa ní láti ṣí i.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ńkọ́? Àwọn èèyàn máa ń rò pé torí pé nǹkan kékeré ni, kò kan ìjọba. Tó bá jẹ́ Èkó lẹ wà, LASPPPA ló ń fún èèyàn níwèé àṣẹ, LASBCA ló ń wá wò ó bóyá iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ, tí wọ́n bá sì fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri yín, ó ti di wàhálà nìyẹn. Níbòmíì, ẹ lọ bá àwọn tó ń rí sí ètò ilé kíkọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ mú sọ́fè àti pílànì ilé dání, ẹ béèrè bí gàráàjì yẹn ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí fẹ́ǹsì tó. Ẹ ṣe é kẹ́ẹ tó bá kọntirákítọ̀ sọ̀rọ̀ owó, torí tẹ́ẹ bá ní kó bá yín ṣe é, á gba owó ẹ̀, ìwé ò ní jáde, "wọ́n ní ẹ̀yin ò nílò ẹ̀" ló máa sọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: irú ẹni wo gan-an lẹ nílò?

Orúkọ "kọntirákítọ̀" yìí, gbogbo èèyàn ló ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó ní bárò kan àti ṣọ́bìrì méjì, kọntirákítọ̀ ni. Ẹni tó ń wọ ṣúùtù tí ò fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì rí, kọntirákítọ̀ lòun náà. Èmi pín wọn báyìí: bíríkìlà kan wà tó ní àwọn ọmọṣẹ́ tiẹ̀, owó iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló ń gbà, ẹ̀yin lẹ máa ra gbogbo nǹkan. Kọntirákítọ̀ tó ń gbé gbogbo ẹ̀ ṣe wà, nǹkan rírà àti iṣẹ́ ṣíṣe, títí dórí kọ́kọ́rọ́. Ẹnjiníà wá wà, tó ń yàwòrán irin, tó sì lè wá máa wo iṣẹ́.

Tẹ́ẹ bá ń sùn nílé, tẹ́ẹ lè jí láago mẹ́fà kẹ́ẹ ka àpò sìmẹ́ńtì kẹ́ẹ tó lọ síbi iṣẹ́, bíríkìlà dáadáa kan tó fún iṣẹ́ gàráàjì, kẹ́ẹ wá san owó ẹnjiníà lọ́tọ̀ kó yàwòrán kó sì wá wò ó ní bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó máa ń dín owó kù dáadáa. Tẹ́ẹ bá wà lókè òkun tàbí tí iṣẹ́ yín ò fún yín láyè, ẹ mú ẹni tó ń gbé gbogbo ẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni kẹ́ẹ fúnra yín wá ẹnjiníà, kó má ṣe jẹ́ kọntirákítọ̀ ló máa mú un wá, torí ẹni tó bá mú èèyàn wá jẹun, òun lẹni náà ń bá ṣe. Gbogbo ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà COREN, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, ẹ béèrè ẹ̀, kò sóhun ìtìjú níbẹ̀. Tí kọntirákítọ̀ bá ní òun ní kọ́ńpìnnì, ẹ lè yẹ orúkọ ẹ̀ wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì CAC, àjọ tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn kàn máa jẹ́ kẹ́ẹ mọ̀ pé orúkọ yẹn wà ni o, kò sọ pé ó mọ búlọ́ọ̀kù tò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ibi tẹ́ẹ ti máa rí wọn

Fọ́tò orí Facebook àti Instagram ò lè sọ nǹkankan fún yín, ẹnikẹ́ni lè ya ilé ẹlòmíì. Àwọn tẹ́ẹ máa bi ni àwọn tó ń ta nǹkan fún wọn. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ládùúgbò, ẹ ra omi inú ọ̀rá kan, ẹ jókòó, kẹ́ẹ wá bi ọ̀gá ibẹ̀ pé "nínú àwọn bíríkìlà tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ yín, ta ni kì í jẹ yín ní gbèsè?" Ẹ lọ bi ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì náà. Ẹ bi ẹni tó ń ta irin. Tí orúkọ kan bá jáde lẹ́nu èèyàn méjì nínú mẹ́ta, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀. Ọlọ́jà mọ ẹni tí owó oníbàárà ń há sí lọ́wọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí ẹnì kejì tó parí iṣẹ́ mi.

Ẹ tún rìn káàkiri àdúgbò. Fẹ́ǹsì tó ti pé ọdún mẹ́ta tó ṣì dúró gbọnrangandan, ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ kí wọn, ẹ béèrè ẹni tó mọ ọ́n. Mọ̀lẹ́bí ńkọ́? Tẹ́ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ bíríkìlà, mo kí yín, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tẹ́ẹ ò lè lé kúrò nídìí iṣẹ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ fún un. Ìjà àbúrò ìyá lórí ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì, ó máa ń dé ibi ìsìnkú.

Mẹ́ta ni kẹ́ẹ mú, ó kéré tán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ lọ wo iṣẹ́ wọn lójúkorojú

Iṣẹ́ méjì lẹ máa ní kó mú yín lọ wò. Ọ̀kan tó ti rí òjò ọdún méjì, ọ̀kan tó ń lọ lọ́wọ́ báyìí. Ẹni tó bá ní "kò sí èyí tó ń lọ lọ́wọ́, àwọn onílé ò fẹ́ àlejò", ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Níbi èyí tó ti pẹ́, ẹ wo igun fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ìlà tín-ín-rín bí irun orí lára pílásítà, ìyẹn ò ṣe nǹkankan. Èyí tó bá là láti igun fèrèsé tó lọ síhà ìsàlẹ̀ ní dídàgẹ̀rẹ̀, tí owó náírà lè wọ̀ ọ́, fáúńdéṣọ̀n ló ń jókòó wálẹ̀ nìyẹn o. Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri bóyá ọ̀dà ń ṣí tí nǹkan funfun bí iyọ̀ ń yọ, ìyẹn ni pé omi ilẹ̀ ń gòkè. Kẹ́ẹ wá bi onílé ní ìbéèrè tí kì í jẹ́ kí wọ́n purọ́: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló parí, èèló lẹ jọ sọ, èèló lẹ padà san? Tó bá rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Níbi èyí tó ń lọ lọ́wọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ kàn máa wò. Ṣé wọ́n ní rénjì àti túńmbì tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ògiri tọ́ tó sì dúró ṣánṣán, àbí ojú ni wọ́n fi ń wọn ògiri? Ṣé wọ́n ń fi omi rin búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi mọ ògiri lánàá? Ṣé bárò àti pọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń wọn yanrìn, àbí ṣọ́bìrì ni wọ́n kàn fi ń dà á bó ṣe wù wọ́n? Èmi fa lébùrà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ra kóòkì fún un, mo bi í pé ṣé ọ̀gá ń san owó yín lójoojúmọ́. Ó ní "ọ̀gá wa ò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́ á wá a kàn." Mo mú ọ̀gá yẹn.

Ìbéèrè kan tó ń tú àṣírí

Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ẹ di mú jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ. Tí wọ́n bá ti wá wo ilẹ̀ yín, ẹ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn pé "Ọ̀gá, irin wo lẹ máa fi sí líńtẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà mọ́tò yìí?"

Líńtẹ́ẹ̀lì ni kọnkéré onírin tó gbé ògiri dúró lókè ẹnu ọ̀nà tàbí fèrèsé. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ẹ béèrè ni pé ilẹ̀kùn yàrá kì í sábà ju ẹsẹ̀ 3 lọ, fèrèsé kì í sábà ju 4 tàbí 5 lọ, líńtẹ́ẹ̀lì inṣi 9 tó ní irin 12mm mẹ́rin gbé ìyẹn dáadáa, gbogbo bíríkìlà ló mọ̀ ọ́n ṣe lójú oorun. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà gàráàjì mọ́tò méjì tó jẹ́ ṣọ́tà (ilẹ̀kùn irin tó ń ká sókè) kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ 16 ni. Nǹkan tó gùn tó yẹn kì í ṣe líńtẹ́ẹ̀lì mọ́, bíìmù ni. Tí ẹnu ọ̀nà bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, tí ẹrù kan náà wà lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ẹ̀, agbára tó ń tẹ bíìmù yẹn wálẹ̀ láàárín á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ fi irin mẹ́rin ti fèrèsé síbẹ̀, á dúró lóòótọ́ fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ níkùn, ìsàlẹ̀ á là, ṣọ́tà á há, èyí tó burú jù sì lè wó lé mọ́tò, tàbí lé ọmọ tó ń ṣeré lábẹ́ ẹ̀. Ilé alájà 21 tó wó n'Íkòyí lọ́jọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021 jẹ́ kí gbogbo wa pariwo nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ilé kékeré náà ń wó, wọn kì í kàn gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ni.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bi ní "kò sí wàhálà Alàgbà, irin mẹ́rin mẹ́rin la máa ń fi sí gbogbo ẹ̀." Ẹnì kejì ní "ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Ẹnì kẹta dákẹ́, ó wo ibẹ̀, ó ní "ẹnjiníà yín ló máa sọ iye irin, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tèmi ni, mi ò ní ṣe ọ̀nà kan, màá pín in sí méjì, ẹsẹ̀ 8 ẹ̀ẹ̀mejì, kí òpó kan wà láàárín." Ẹnjiníà yà á lọ́nà méjèèjì fún mi, bíìmù ẹsẹ̀ 16 yẹn jìn tó inṣi 18, irin 16mm ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, mo wo owó ẹ̀, mo ní ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì o jàre.

Èmi ò sọ pé ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n kì í ṣe bíríkìlà o. Ẹni tó ń sọ pé òun mọ̀ nígbà tí ò mọ̀ ni mò ń sá fún.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ka kọtéṣọ̀n bí ẹni ń ka ìwé ìdájọ́

Ẹni tó bá fún yín ní iye owó kan lápapọ̀ láì to nǹkan sílẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ ní kó kọ iye búlọ́ọ̀kù, iye àpò sìmẹ́ńtì, tọ́ọ̀nù yanrìn, tọ́ọ̀nù òkúta, iye irin, páànù, pákó, owó iṣẹ́. Owó nǹkan ń yí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nílẹ̀ wa, iye nǹkan kì í yí, ìyẹn lẹ sì máa fi mú wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò gàráàjì ẹsẹ̀ 20 lọ́nà 20 yẹn pọ̀. Búlọ́ọ̀kù, yálà inṣi 9 tàbí 6, gígùn ẹ̀ jẹ́ 450mm, gíga ẹ̀ 225mm, èyí túmọ̀ sí pé bíi mẹ́wàá ló ń wọ mítà kan lọ́nà mítà kan. Ògiri mẹ́ta tó gùn ní ẹsẹ̀ 20, tó ga ní ẹsẹ̀ 9, á jẹ nǹkan bíi 490. Iwájú, pẹ̀lú àwọn òpó àti ohun tó wà lókè ẹnu ọ̀nà, bíi 70. Fáúńdéṣọ̀n tó bá jẹ́ ìlà mẹ́rin yíká, ó lé díẹ̀ ní 210. Ẹ fi èyí tó máa fọ́ kún un, bíi 800 ni. Ẹni tó bá kọ 1,200 wá, ẹ bi í pé ta ló tún ń kọ́lé. Ilẹ̀ inú gàráàjì, torí mọ́tò ló máa gbé, ẹ jẹ́ kó nípọn tó inṣi 5, kó ní àwọ̀n irin BRC, ìyẹn máa gba kọnkéré tó tó kíúbíkì mítà mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún, tó bá jẹ́ pípò ọ̀kan-méjì-mẹ́rin (sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin), bíi 30 àpò sìmẹ́ńtì ni fún ilẹ̀ yẹn nìkan. Ẹni tó kọ 15, kò fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín o, ilẹ̀ yín ló fẹ́ jẹ́ kó fọ́. Ìwọ̀n ọ̀kan-méjì-mẹ́rin yẹn lójú sáìtì: àpò sìmẹ́ńtì kan, bíi bárò yanrìn kan, bárò òkúta méjì, torí bárò kan tó bí àpò méjì.

Sìmẹ́ńtì náà ní ìwọ̀n agbára, ẹ wo nọ́ńbà ara àpò. Láti 2014 ni SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwọ̀n ọjà, ti sọ pé 32.5 kò ju fún pílásítà lọ, 42.5 ni ti búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré. Kí nọ́ńbà yẹn wà nínú kọtéṣọ̀n.

Tẹ́ẹ bá ti ní kọtéṣọ̀n mẹ́ta, èyí tó kéré jù púpọ̀ ju àwọn méjì yòókù lọ, ẹ má sá tẹ̀ lé e. Ibì kan wà tó ti gé. Ó lè jẹ́ irin, ó lè jẹ́ sìmẹ́ńtì, ó sì lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ wọlé ni, tó bá dé àárín á ní owó ò tó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àdéhùn àti owó

Ìwé ni, kì í ṣe ẹnu. Ojú ewé kan tó, ní Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin méjèèjì ẹ fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí kan kan, fọ́tò ìwé yẹn kó wà lórí WhatsApp yín méjèèjì. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, ẹ kọ ẹni tó ń ra omi, ẹni tó ń san owó ọlọ́dẹ, ẹni tó ni pákó tó bá ṣẹ́ kù (ẹ má rẹ́rìn-ín, ìjà tí mo rí lórí pákó ò kéré), àti ẹni tó máa dá àwọn ọmọ onílẹ̀ lóhùn tí wọ́n bá rí típà yanrìn tí wọ́n ní ẹ san owó fáúńdéṣọ̀n. Èkó ti ní òfin sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ yẹn láti 2016, síbẹ̀ ẹ ṣì kọ ọ́.

Owó wá ńkọ́. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló ń ṣe, ẹ má san ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ kó tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn fún ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn ọmọ. Tó bá jẹ́ òun ló ń gbé gbogbo ẹ̀, ẹ pín in bí mo ṣe pín tèmi lẹ́ẹ̀kejì. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún láti bẹ̀rẹ̀, 20 tó bá ti da jámánì fúlọ̀ (kọnkéré ilẹ̀ tí wọ́n ń dà lé orí fáúńdéṣọ̀n) tán, 25 tó bá ti kọjá líńtẹ́ẹ̀lì, 20 tó bá ti bo òrùlé, 10 tí pílásítà àti ilẹ̀kùn bá ti parí, 5 tó kù á dúró lọ́wọ́ mi títí òjò fi máa rọ̀ lé e dáadáa. Á bínú sí márùn-ún ìkẹyìn yẹn. Ẹ jẹ́ kó bínú. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá iṣẹ́ ẹ̀ dá a lójú.

Ẹ wo ó, kò sí ibi tí owó ti ṣáájú iṣẹ́ jìnnà nínú ìpín yẹn, tó bá sá lọ lónìí, ohun tó bá sá lọ ò lè pọ̀. Ìdá 20 àkọ́kọ́ yẹn pàápàá, ẹ lè fi èyí tó pọ̀ jù ránṣẹ́ sí ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù àti ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì tààrà, kí wọ́n já a sílẹ̀ lójú yín. Báńkì ni kẹ́ẹ fi sanwó, orúkọ akáùntì kó bá orúkọ inú ìwé mu. "Ẹ fi sí ti ìyàwó mi, báńkì mi ń ṣe mí", ẹ ní kó lọ tún báńkì ẹ̀ ṣe.

Ìgbésẹ̀ keje: tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ta okùn, ẹ wà ńbẹ̀. Ẹ wọn láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́ ní ìdàkejì, kẹ́ẹ wọn àwọn igun méjì tó kù bákan náà. Tí nọ́ńbà méjèèjì ò bá dọ́gba, ilé yẹn ti wọ́, ẹ ní kí wọ́n tún un ta. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, mo sì ti rí ẹni tó jẹ́ ìgbà tí wọ́n dé orí páànù ló tó mọ̀.

Ẹ ju búlọ́ọ̀kù méjì nínú èyí tí wọ́n já sílẹ̀ láti ibi ìgbáròkó. Èyí tó fọ́ túútúú bí bísíkíìtì, tí ìṣó ń họ bí ẹ̀kọ, ẹ dá ọkọ̀ yẹn padà. Ẹni tó ń mọ ọ́n dáadáa kì í rí ju bí 25 sí 30 búlọ́ọ̀kù inṣi 9 lọ nínú àpò sìmẹ́ńtì kan, àwọn kan ń rí 45, ẹ̀yin náà ẹ ronú ohun tó wà nínú ìyẹn. Irin 12mm tó gùn ní mítà 12, tó bá pé, á wọn tó kílò mẹ́wàá ààbọ̀, ẹ gbé ọ̀kan sórí ìwọ̀n.

Àpò sìmẹ́ńtì tó ṣófo, ẹ ka á lálaalẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dáná. Kọnkéré tí wọ́n bá dà, kí wọ́n máa rin ín lómi fún ọjọ́ méje, kí wọ́n má sì yọ ọ̀pá tó gbé bíìmù dúró kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, bó ti wù kí kápẹ́ńtà máa sọ pé òun nílò pákó òun níbòmíì tó. Ilẹ̀ inú gàráàjì kó ga ju ti kọ́ńpáùn lọ, kó sì rọra dà sí ìta. Ẹ fi àyè wáyà iná àti sọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí wọ́n tó pílásítà, torí gbogbo wa la máa ń rántí sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ọ̀dà.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bí oṣù kọkànlá kí fáúńdéṣọ̀n lè jáde kí òjò tó dé, ṣùgbọ́n ẹ tètè mú èèyàn, torí oṣù kejìlá àwọn ará òkè òkun á ti dé, gbogbo bíríkìlà á di ọ̀gá.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà n'Ílú Ọba tàbí Amẹ́ríkà, fọ́tò ò tó. Kó pè yín lórí fídíò nígbà tí wọ́n bá ń pò kọnkéré lọ́wọ́, kó ta téèpù sílẹ̀ kẹ́ẹ ka nọ́ńbà fúnra yín, kẹ́ẹ sì san owó fún ẹnjiníà tí òun àti kọntirákítọ̀ ò mọra rí, kó lọ wo iṣẹ́ náà kẹ́ẹ tó san ìpín tó kàn.

Tó bá bà jẹ́ ńkọ́

Ẹ má lọ mú ọlọ́pàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ pe ẹnjiníà, kó wọn iṣẹ́ tó ti ṣe, kó kọ iye tó tọ́ sí i sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ẹ fún un láti padà wá. Tí ò bá wá, ẹ gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì, ẹ má jókòó máa ń dúró dè é bí èmi ṣe dúró fún oṣù márùn-ún. Tó bá jẹ́ Èkó, kóòtù kékeré kan wà láti 2018 fún gbèsè tí ò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, wọn ò ní kẹ́ẹ dandan mú lọ́yà wá. Ìwé àdéhùn àti rìsíìtì báńkì yẹn ni wọ́n máa béèrè, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo ẹ̀ látàárọ̀.

Ọ̀gá kejì yìí náà kì í ṣe ańgẹ́lì. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá ọjọ́ tá a jọ kọ, nígbà tí òjò oṣù karùn-ún sì dé, omi ń jò níbi tí páànù ti pàdé ògiri lẹ́yìn. Mo ya fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí i lálẹ́. Lọ́jọ́ kejì láago méje ó ti wà lórí àkàbà pẹ̀lú kápẹ́ńtà ẹ̀, ìdá márùn-ún ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó tún un ṣe, a dúró de òjò méjì míì, kò jò mọ́, mo fi owó ẹ̀ ránṣẹ́, mo sì fún un ní nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ mọ fẹ́ǹsì ní Ológùn-Ẹrù.